Kí Ojú Ṣáájú Ọwọ́: Lẹ́tà Ìmọ̀ràn sí Ọmọ Obòkun Tí Yóò Fi Pàǹtí Ṣe Ère

Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọmọ Obòkun ọ̀wọ́n,

Inú gbogbo ẹbí tó wà ní Òṣogbo dùn láti gbọ́ pé iṣẹ́ tí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà gbé fún kíláàsì ọmọ Obòkun ní Iléṣà ní sáà yìí ni kí wọ́n fi ohun àlòkù ṣe ère tí ó jọ ẹranko, ẹyẹ, ẹja tàbí igi. Àtúnlò ni à ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé kí a mú ohun tí a ti lò tán, tí ì bá di ẹrù ààtàn, kí a sì sọ ọ́ di ohun mìíràn tó wúlò. Ère ní tirẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà tó ní iwájú, ẹ̀yìn àti ìhà, tí ènìyàn lè rìn yí ká, yàtọ̀ sí àwòrán tí a yà sórí ìwé.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ìyókù, ni pé kí ojú ṣáájú ọwọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ kó ike àti agolo jọ, tó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun lè fi wọ́n ṣe, ohun tí gbogbo ayé ti ṣe rí ni yóò ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó ti ẹja, ìgbín tàbí ewé, tó sì wò ó títí tó fi mọ bí ara rẹ̀ ṣe tò, yóò mọ irú pàǹtí tó yẹ kí òun ṣà. Ìpẹ́ ẹja, fún àpẹẹrẹ, kò kàn tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lásán: ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọnú awọ, etí rẹ̀ kejì kọjú sí ìrù, èyí tó wà níwájú sì gun èyí tó tẹ̀lé e, kí omi lè máa yọ̀ kọjá lára ẹja. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ṣe ẹja gbọ́dọ̀ fi òòlù tẹ́ ìdérí kọ̀ọ̀kan pẹrẹsẹ, kí ó fi ìṣó lu etí rẹ̀ kan ṣoṣo, kí ó sì máa fi wáyà so wọ́n láti ìrù lọ sí orí, bí ẹni tó ń fi bẹẹrẹ bo ilé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti etí òrùlé lọ sókè. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí, gbogbo ìpẹ́ ni yóò kọ òdì, kò sì sí ọ̀dà tó lè bo àṣìṣe náà.

Ìmọ̀ràn kejì ni pé kí ohun èlò máa fi ìwà ara rẹ̀ hàn nínú iṣẹ́. Ní Òṣogbo níhìn-ín, Àṣírù Ọlátúndé, ẹni tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ kí orúkọ rẹ̀ tó kan, fi òòlù lu páànù alumíníọ̀mù àti bàbà títí igi, ẹyẹ àti ẹranko fi yọ lára rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó wo iṣẹ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ pé irin ni òun ń wò. Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 1962, tó sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, ń fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi gbé epo bẹtiróò ṣe ìbòjú: ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì di imú, ẹnu kẹ́ẹ̀gì sì di ẹnu ènìyàn, láìjẹ́ pé ó pa kẹ́ẹ̀gì náà mọ́. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ kan, tí Ilé Ìṣúra British Museum rà ní ọdún 2007, irú ìbòjú bẹ́ẹ̀ tó 304, ó sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe to àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi. El Anatsui, ọmọ Ghana tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Nsukka, tẹ́ ìdérí ìgò ọtí, ó fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀, ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà rọ̀, kí ó sì ṣẹ́ po lára ògiri. Ní ọdún 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jọra ni pé wọn kò fi ọ̀dà bo ibi tí ohun èlò wọn ti wá.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gé ohunkóhun, ó yẹ kí ó ya àwòrán ohun tó fẹ́ ṣe láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, kí ó sì fi páálí ṣe àwòṣe, ìyẹn ère kékeré tí a fi ń dán èrò wò, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti rí i bóyá ẹsẹ̀ ère lè gbé ara rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ó fọ gbogbo pàǹtí, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì tẹ etí agolo tó bá gé wọnú kí ó má baà ya ọwọ́. Kò gbọ́dọ̀ gún agolo oògùn ẹ̀fọn, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lè bú gbàù, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ fi iná yọ́ ike tàbí ọ̀rá, nítorí èéfín rẹ̀ ní májèlé.

Ìmọ̀ràn tó kẹ́yìn kan ìdí tí iṣẹ́ náà fi yẹ ní ṣíṣe. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ti ń pàdánù igi àti ilẹ̀ nígbà tí Susanne Wenger, obìnrin ará Ọ́stríà tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, Kàsálì Àkàngbé tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, Buráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta, àti àwọn mìíràn, bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojúbọ ṣe, tí wọ́n sì ń mọ ère síbẹ̀. Sìmẹ́ńtì, irin àti amọ̀ tí oníṣẹ́ ilé ń lò lójoojúmọ́ ni wọ́n lò, iṣẹ́ wọn sì wà lára ohun tó dáàbò bo igbó náà títí àjọ UNESCO fi kọ ọ́ sínú ìwé ogún àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Òfin ibẹ̀ kò gba pípa ẹja tàbí ṣíṣọdẹ. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wíwa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti wà lára ohun tó ń da omi odò Ọ̀ṣun tó gba inú igbó náà kọjá rú, ọ̀rá àti ike tí ènìyàn ń sọ sínú gọ́tà sì ń bá ọ̀gbàrá lọ sínú odò. Ère ẹja tí a ṣe dáradára, tí ìyókù ike rẹ̀ sì tún padà sínú odò, kò ṣe ẹja lóore kankan.

Nítorí náà, ẹbí ń rọ ọmọ Obòkun pé kí ó ṣà nínú pàǹtí ju èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà lọ, kí ó kó ìyókù fún àwọn tó ń ra àlòkù, kí ó sì kọ orúkọ ohun tí ó fi ṣe ère náà sí ìdí rẹ̀, kí àwọn ọmọ kíláàsì kékeré lè mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń dà nù lójoojúmọ́ ni. Kí Ọlọ́run fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n rẹ̀, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì gbé orúkọ ilé ga.

Láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá, ní Òṣogbo.