Ẹ̀rọ Ìfọ́nmi-Paná Inú Ilé àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ti ẹni tí kò mọ̀ pé iná wà lórí òrùlé òun, tí ó ti sùn lọ kí wáyà iná mànàmáná tó gbiná nínú ògiri, tàbí kí ẹ̀ṣẹ́ná tó ta sára àga tìmùtìmù ní pálọ̀? Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣe ẹ̀rọ kan tí kì í sùn.

Ní ìlú New Haven, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Henry Parmelee, ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe pìánò. Ní ọdún 1874 ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹnu ìfọ́nmi tí ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ooru iná bá kàn án, ó sì fi í sí àjà ilé iṣẹ́ rẹ̀. Frederick Grinnell tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀, òun ni ó sì mú irú èyí tí ó ní gíláàsì jáde ní ọdún 1890. Fún ìgbà pípẹ́, ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí ni a ti ń rí ẹ̀rọ yìí. Ẹrù ni a ń fi í ṣọ́, kì í ṣe ọmọ. Ọdún 1975 ni ẹgbẹ́ NFPA, tí ń kọ ìlànà ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná ní Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ kọ ìlànà rẹ̀ fún ilé gbígbé. Ìlú San Clemente ní California sọ ọ́ di òfin fún ilé tuntun ní 1978. Agbègbè Prince George's ní Maryland, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé lónìí, ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1992. Gbogbo California tẹ̀lé e ní 2011, ilẹ̀ Wales sì ṣe tirẹ̀ ní 2016.

Bí ènìyàn bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ó gbé ojú sókè, ohun kékeré kan tí kò tóbi púpọ̀ ju àtàǹpàkò lọ ni yóò rí lára àjà. Ìgò kan wà lára rẹ̀ tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, tí omi aláwọ̀ kún inú rẹ̀. Ìgò yìí ni ó di ìdérí ẹnu páìpù mú. Bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú yàrá, ooru a gòkè lọ sí àjà, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́. Omi inú ìgò a máa wú títí àyè kò fi ní gbà á mọ́. Ìgò a fọ́, ìdérí a já bọ́, omi a tú jáde, a lu irin pẹlẹbẹ kan tí ó wà níwájú rẹ̀, a sì fọ́n ká yàrá bí òjò. Àwọ̀ omi inú ìgò náà ní ìtumọ̀: èyí tí ó ní àwọ̀ ọsàn a fọ́ bí ooru bá tó 57°C, pupa ní 68°C, èyí tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè ní 79°C.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí sinimá ti tàn jẹ, rò pé bí èéfín díẹ̀ bá ti rú, gbogbo ẹnu ìfọ́nmi ilé ni yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ooru nìkan ni ó mọ̀. Ìyàwó ilé lè din ata títí gbogbo ará ilé yóò fi máa wúkọ́, agogo èéfín lè máa ké, ẹ̀rọ yìí kò ní mira. Ẹnu tí ooru iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni í ṣí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan tàbí méjì a tó láti tẹ iná rì kí àwọn panápaná tó dé. Ẹni tí ó bá sì ń ṣàánú àga rẹ̀ nítorí omi, kí ó rántí pé omi tí àwọn panápaná ń fi ọ̀pá rọ́bà wọn tú pọ̀ ju ti ẹnu kan yìí lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Ẹ̀rọ tí ó lè wà fún ogún ọdún láìṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rọrùn láti gbàgbé. Ewu tí ó tóbi jù kì í ṣe pé kí ìgò kọ̀ láti fọ́. Ó jẹ́ pé kí ìgò fọ́, kí omi má sì sí lẹ́yìn rẹ̀. Báwo ni èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé páìpù kan ń jò. Púlọ́ńbà wá, ó ti fáàfù tí omi ń gbà lọ sí ẹ̀rọ náà, ó tún ibi tí ń jò ṣe, ó gba owó rẹ̀, ó sì lọ láìṣí i padà. Omi ìdáná àti omi ìwẹ̀ ń wá láti ọ̀nà mìíràn, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fura. Tọmọtìyá sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹ̀ṣọ́ wà lójúfò, a sì ti di ẹ̀ṣọ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí onílé tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe fi ń lọ wo fáàfù náà ní oṣooṣù, tí ó sì ń fi ìdè so ó ní ṣíṣí. Bí táńkì bá ni ẹ̀rọ ti ń mu omi, a ó wò ó bóyá ó kún, a ó sì tan pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ wò. Omi tí yóò tú fún ìṣẹ́jú 10 ni ìlànà NFPA béèrè, àyàfi fún ilé ilẹ̀ kékeré tí ìṣẹ́jú 7 tó fún. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, a ó ṣí ibi ìdánwò kí omi sàn, kí a sì gbọ́ bóyá agogo rẹ̀ yóò dún.

Ọ̀dà náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Akunlé tí ń yára, tí ó fi ọ̀dà kun àjà pẹ̀lú ẹnu ìfọ́nmi, ti ba ẹnu náà jẹ́: ọ̀dà ń dí ooru lọ́wọ́, ó sì lè lẹ ìdérí mọ́ ojú ibi tí ó wà. Kí a má ṣe sọ pé a ó fi ọ̀bẹ ha á. Pípààrọ̀ ni oògùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a kò gbọdọ̀ fi aṣọ kọ́ ọ, nítorí ìgò tí ó fọ́ láìsí iná yóò sọ yàrá di odò.

Ilé kì í sì í dúró sójú kan. Ìyá ìyàwó fẹ́ wá láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ tuntun, ọkọ ìyàwó sì fi pákó pín yàrá abẹ́ ilé sí méjì kí ìyá lè ní ibùsùn. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ìfọ́nmi kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ti bọ́ sí òdìkejì pákó, ìyá sì sùn sí ibi tí omi kò lè dé. Ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ yìí ni a gbọ́dọ̀ pè kí ó tún ìṣirò ṣe, nítorí pé ìwọ̀n páìpù àti agbára omi ni a fi pinnu iye ẹnu tí yóò lè tú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu tuntun gbọ́dọ̀ bá àwọn tí ó wà nínú yàrá kan náà mu, kí ọ̀kan má baà lọ́ra ju èkejì lọ. Ẹnu tí ó ti gbó náà yẹ ní pípààrọ̀. Ní ọdún 2001, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà gbà láti pààrọ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 35 tí ó ti tà, nítorí òrùka rọ́bà inú wọn tí ó lè bàjẹ́ bí ọjọ́ ti ń lọ, tí kò sì ní jẹ́ kí wọ́n ṣí nígbà tí iná bá dé.

Ó ku ọ̀rọ̀ òtútù. Ní ibi tí omi ti ń dì nínú páìpù, àwọn onílé a máa da oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí oògùn náà bá ti pọ̀ jù, ohun tí a fọ́n sórí iná lè fẹ́ iná náà sókè dípò kí ó pa á. Ní ọdún 2010 ni NFPA kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa èyí. Lẹ́yìn náà, ìlànà wọn yí padà sí irú oògùn tí a ti pò láti ilé iṣẹ́, tí a sì ti dán wò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ilé àtijọ́ ní agbègbè òtútù, kí ó tó béèrè nípa òrùlé tàbí nípa ọgbà, ohun tí ó wà nínú páìpù wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ bi ẹni tí ó tà á fún un.