Mọlará Ògúndípẹ̀ àti Òkè Mẹ́fà Tó Wà Lẹ́yìn Obìnrin

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé àwọn tó ń kọ́ lítírésọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mọlará Ògúndípẹ̀. Mo fẹ́ fi hàn pé iṣẹ́ wọn kan àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè gan-an, àti pé iṣẹ́ kan ṣì kù tó jẹ́ tiwa láti ṣe.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1940 ni wọ́n bí wọn sí Èkó. Ní 1963, wọ́n di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ipò kìn-ín-ní nínú oyè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Leiden. Wọ́n kọ́ni ní Ìbàdàn àti ní yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Women in Nigeria sílẹ̀ ní 1982. Ìwé ewì wọn, Sew the Old Days, jáde ní 1985. Ìwé àròkọ wọn, Re-Creating Ourselves, jáde ní 1994. Oṣù Kẹfà ọdún 2019 ni wọ́n fi ayé sílẹ̀, ní ẹni ọdún 78.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ewì, ṣùgbọ́n Yorùbá wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ewì kékeré tí wọ́n pè ní “Yoruba Love”. Àwọn olólùfẹ́ inú rẹ̀ kò sọ ìfẹ́ ní tààrà. Imú, ọkàn àti ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ń dá lẹ́bi pé wọn kò jẹ́ kí ìfẹ́ náà hàn. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá. Inú ló ń bà jẹ́, ojú ló ń tini, ọkàn ló ń balẹ̀: ẹ̀yà ara ni à ń rán níṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan ìmọ̀lára. Níparí, akéwì kìlọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó sá. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a fura sí i.

Wọ́n tún ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí a bá ń pe ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ní feminism, àríyànjiyàn lórí bóyá à ń fara wé òyìnbó ni yóò gba gbogbo okun wa. Nítorí náà wọ́n kó lẹ́tà àkọ́kọ́ inú Social Transformation Including Women in Africa jọ, ó di STIWA, wọ́n sì fi àfòmọ́ ìparí kún un, ó di Stiwanism. Lójú tiwọn, àtúntò àwùjọ ni, tọkùnrin tobìnrin ló sì ni ín.

Nínú àròkọ mìíràn, wọ́n ní òkè mẹ́fà ló wà lẹ́yìn obìnrin Áfíríkà. Wọ́n yá àfiwé náà lọ́wọ́ Mao Zedong ti Ṣáínà, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ sí i. Àkọ́kọ́ ni ìnilára láti òde, bí ìmúnisìn. Èkejì ni àṣà ìbílẹ̀ tó ń ni ín lára. Ẹ̀kẹta ni ìfàsẹ́yìn tí ìmúnisìn fà fún un. Ẹ̀kẹrin ni ọkùnrin, ẹ̀karùn-ún ni àwọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀kẹfà ni obìnrin náà fúnra rẹ̀, èyí sì ni wọ́n kà sí pàtàkì jù.

Báwo la ṣe máa sọ èyí fún obìnrin Ìdèrè, ìlú mi ní Ìbàràpá, tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì? Ibí ni ọ̀rọ̀-ìṣe ti di wàhálà. Ní Yorùbá, ohun tó ń wà lẹ́yìn obìnrin, ọmọ ni, à ń pọ̀n ọ́n ni. Orí la fi ń ru ẹrù. Mo dán méjèèjì wò lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà. Nígbà tí mo ní obìnrin pọn òkè, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ẹni tó pọn òkè, ṣé yóò fún un lọ́mú ni?” Mo pa á dà, mo ní obìnrin ru òkè. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní: “Márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n gbé e rù wá ni. Ìkẹfà, àwa la pọ̀n ọ́n.”

Mi ò tíì rí àlàyé tó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ lórí òkè kẹfà. Ẹrù lẹnìkan gbé rù ọ́. Ohun tí o pọ̀n, ìwọ lo dì í mọ́ra, o sì ń rẹ̀ ẹ́ kí ó má baà sunkún. Gẹ̀ẹ́sì fi gbogbo òkè náà sí ẹ̀yìn kan ṣoṣo; Yorùbá pín wọn sí méjì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kẹta tún wà: sọ̀. Ẹni tó ru ẹrù tó wúwo kì í dá a sọ̀, a máa ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ mí.” Ìdèrè mọ èyí dáadáa. Ní àwọn ọdún 1980, sobìà ń dá àwọn èèyàn dùbúlẹ̀ níbẹ̀, láti inú omi tí àwọn obìnrin ń pọn wálé. Aṣọ asẹ́, kànga àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ló sọ ẹrù náà, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí a pe Stiwanism ní àjọsọ̀. Bí a ṣe ní àjọṣe àti àjọjẹ la ṣe hun ún: ohun tí a jọ sọ̀ ni. Ẹ kíyè sí ohùn ìsàlẹ̀ tó parí rẹ̀, nítorí bí ẹ bá fi ohùn àárín pè é, ó di àjọsọ, ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ, kí ó mú un wá. Àmọ́ kí ó kọ́kọ́ dán an wò lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà.