Ọkọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ méjì

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní agbègbè Kétu tọ́jú owó fún ọdún mẹ́rin. Owó gàrí àti owó àgbàdo ni. A fẹ́ fi ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí yóò máa kó ẹrù wa lọ sí ọjà. Bí a bá ra ọkọ̀ burúkú, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ti wọ igbó nìyẹn.

Ẹgbẹ́ rán ìyá akápò àti èmi olùkọ́ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ sí Kútọnú. A sọ̀ kalẹ̀ ní Cadjèhoun, àdúgbò tí pápá ọkọ̀ òfurufú wà. Ẹ̀gbọ́n ìyá akápò ń gbé ibẹ̀. Òun ló mú wa lọ bá awakọ̀ méjì. Irú ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, ọdún kan náà ni wọ́n sì rà á.

Awakọ̀ kìíní jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìyá akápò kí i, ó ní:

— Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ rẹ yìí ńkọ́? Ṣé ó dára?

— Màmá, ẹ má rà á o! Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti jẹ gbogbo owó mi tán.

Ọkàn wa bàjẹ́, nítorí irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ fẹ́ rà. A lọ bá awakọ̀ kejì. Àgbàlagbà ni.

— Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Báwo ni ọkọ̀ yín yìí ṣe rí?

— Há! Ìyá, ọkọ̀ yìí ló tọ́ àwọn ọmọ mi. Ọdún keje rèé, kò tíì dá mi dúró lójú ọ̀nà.

Ta ni ń parọ́ nínú àwọn méjèèjì? Kò sí ẹni tó ń parọ́. Ohun tí ojú oníkálukú rí ló ń sọ.

Ìyá akápò kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó bi àwọn méjèèjì pé: Kí ni ẹ ń fi ọkọ̀ kó? Irú epo wo ni ẹ ń rà? Ìgbà wo ni ẹ ń pààrọ̀ ọ́ìlì? Ta ni ń bá yín tún un ṣe?

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó yanrìn, ẹrù rẹ̀ a sì máa wúwo jù. Kpayo ló ń rà, epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Kò mọ ohun tí wọ́n lù mọ́ ọn. Kò rántí ìgbà tó pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn.

Èrò nìkan ni bàbá ń kó. Ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo kìlómítà 5.000. Láràárọ̀, kí ó tó ṣíná, ó ń wo omi ọkọ̀. Mẹkáníìkì kan ṣoṣo ló mọ ọkọ̀ náà. Bàbá sì mú ìwé kékeré kan jáde. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a kọ ohun gbogbo tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó.

Ìyá akápò gba ìwé náà, ó ń kà á jẹ́jẹ́.

— Bàbá, níbí yìí, ẹ pààrọ̀ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta ní ọdún kan.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní:

— Òótọ́ ni, Ìyá. Mo ti gbàgbé ìyẹn.

Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ń yin ọkọ̀ rẹ̀ a máa gbàgbé. Ẹni tó ń bú u náà a máa gbàgbé. Ìwé kì í gbàgbé.

Orúkọ rere ọkọ̀

Àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ Peugeot 504. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti gbé e jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ó ní Kàdúná, ní Nàìjíríà. Ó di ọkọ̀ akérò láàárín ìlú sí ìlú, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, Toyota láti ilẹ̀ Jàpáànù gbòde.

Lóòótọ́, àwọn ọkọ̀ náà lágbára. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀. Bí irú ọkọ̀ kan bá ti pọ̀ ní ìlú, mẹkáníìkì á mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ̀yà rẹ̀ tí a fẹ́ pààrọ̀ kò sì ní í ṣòroó rí. Ọkọ̀ tó dára ní Kútọnú lè di wàhálà ní abúlé tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Bí a ṣe rà á

Nígbà tí a padà lọ, a mú mẹkáníìkì ìlú wa dání. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn wá ń dán bíi dígí. Mẹkáníìkì fa irin tí a fi ń wo ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì náà ti ṣì, ó funfun bí omi ògì. Ó ní: «Omi ti wọnú ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ ká lọ.»

Ọkọ̀ kejì kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́. Òun la rà. Ọjọ́ tí ó délé ni a ṣí ìwé fún un. Ìyá akápò fúnra rẹ̀ ló kọ ìlà àkọ́kọ́.

Ẹ dáhùn

1. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ méjèèjì kò fi bára mu?
2. Kí ni ìwé bàbá fi han ìyá akápò?
3. Ní ìlú yín, irú ọkọ̀ tàbí alùpùpù wo ni mẹkáníìkì mọ̀ jù?

Ìṣirò

Ní oṣù kan, ọkọ̀ ẹgbẹ́ kan pa 150.000 owó sẹ́fà. Epo gba 60.000, ọ́ìlì gba 12.000, àtúnṣe gba 18.000. Èló ló kù?

Ẹ kọ ọ́

Ẹ fa ilà mẹ́rin sínú ìwé yín: ọjọ́, kìlómítà, iṣẹ́ tí a ṣe, iye owó. Bí ẹ kò bá ní ọkọ̀, ẹ fi kẹ̀kẹ́ tàbí ẹ̀rọ ìlọgi bẹ̀rẹ̀.