Bí A Ṣe Ń Tú "Láti Oṣù Yìí Sí Oṣù Yẹn" Sí Ìlà Oṣooṣù

Ọ̀rọ̀ owó ṣọ́ọ̀bù màmá mi ló jẹ́ kí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí yé mi dáadáa.

Màmá mi ń ta púpurú àti gààrí ní Òkìtìpupa níbí. ₦5,000 ni owó ṣọ́ọ̀bù wọn lóṣù, àmọ́ wọn kì í san án lóṣooṣù. Tí ọjà bá tà, wọ́n á san ti oṣù mélòó kan pọ̀, bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù á sì já rìsíìtì kan fún wọn. Lọ́jọ́ kan, bàbá yìí dé, wọ́n ní màmá mi ò tíì san owó Oṣù Kẹfà ọdún 2023, pé tí wọn ò bá san án, kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde. Màmá mi ní àwọn ò jẹ gbèsè. Ohùn ti ń ròkè. Mo wá bẹ màmá mi pé kí wọ́n kó rìsíìtì wọn fún mi. Mẹ́ta péré ni:

Rìsíìtì 1: Oṣù Kínní sí Oṣù Karùn-ún 2023, ₦25,000
Rìsíìtì 2: Oṣù Keje sí Oṣù Kejìlá 2023, ₦30,000
Rìsíìtì 3: Oṣù Kejìlá 2023 sí Oṣù Kẹfà 2024, ₦35,000

Mo fa ìlà 18 sínú ìwé mi, láti Oṣù Kínní 2023 títí dé Oṣù Kẹfà 2024, oṣù kan, ìlà kan. Mo kọ nọ́ńbà rìsíìtì tó san oṣù kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀. Iwájú Oṣù Kẹfà 2023 ṣófo lóòótọ́. Bàbá ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká kà á dé ìsàlẹ̀." Nígbà tá a dé Oṣù Kejìlá 2023, rìsíìtì 2 wà níbẹ̀, rìsíìtì 3 náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá mi san owó oṣù kan ṣoṣo! Owó oṣù 18 ni wọ́n san, oṣù 18 ni wọ́n sì lò. Bàbá tún un kà, wọ́n wá kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì kẹta pé owó Oṣù Kẹfà ti wọlé. Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé "láti" àti "sí" máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Tí a bá tú u sí ìlà oṣooṣù, oṣù tó ṣófo á hàn, èyí tó wọnú ara wọn náà á hàn.

Bí a ṣe ń ṣe é nínú Excel nìyí:

1. Ẹ kọ ọjọ́ kìíní oṣù tó bẹ̀rẹ̀ sí A2, bíi 01/01/2023. Ẹ kọ =EDATE(A2,1) sí A3, kí ẹ fà á wálẹ̀ dé oṣù tó parí. Tí ẹ bá rí 44958 dípò ọjọ́, ẹ má fòyà. Ẹ kàn yí i sí Date. Ọjọ́ kìíní ni kí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ o. Tí ẹ bá fi 31 oṣù kínní bẹ̀rẹ̀, ìlà tó kàn á di 28 oṣù kejì, èyí tó tẹ̀ lé e á di 28 oṣù kẹta, kò ní padà sí 31 mọ́.

2. Ẹ kọ nọ́ńbà rìsíìtì sí òpó kejì ní gbogbo ìlà tó kàn án.

3. Owó oṣù kan ni kí ẹ kọ sí òpó kẹta. Ẹni tó bá kọ ₦25,000 sí ìlà márààrún rìsíìtì 1 á rò ó pọ̀ di ₦125,000. Ẹ pín in kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lè mọ iye ìlà tí ẹ máa nílò. Ẹ yọ ọdún ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ọdún ìparí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Ẹ yọ oṣù ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú oṣù ìparí, ẹ rò ó mọ́ ọn. Ẹ wá fi 1 kún un. 1 yìí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó dán an wò:

Adébáyọ̀ Adéfaratì: Oṣù Karùn-ún 1999 sí Oṣù Karùn-ún 2003, ìlà 49
Olúṣẹ́gun Agagu: Oṣù Karùn-ún 2003 sí Oṣù Kejì 2009, ìlà 70
Olúṣẹ́gun Mímikò: Oṣù Kejì 2009 sí Oṣù Kejì 2017, ìlà 97
Rótìmí Akérédolú: Oṣù Kejì 2017 sí Oṣù Kejìlá 2023, ìlà 83

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 299. Ṣùgbọ́n láti Oṣù Karùn-ún 1999 sí Oṣù Kejìlá 2023, oṣù 296 péré ló wà. Níbo ni 3 ti wá? Oṣù mẹ́ta ni gómìnà méjì jọ pín. Ẹ wo Oṣù Kejì 2009: ní ọjọ́ 23, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yọ Agagu, ọmọ Ìkálẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì tó wà nílùú wa. Ní ọjọ́ 24, wọ́n búra fún Mímikò. Oṣù kan, gómìnà méjì. Ìdí nìyẹn tí ọdún 8 Mímikò, tó jẹ́ oṣù 96, fi gba ìlà 97.

Oṣù tí èèyàn méjì bá pín kì í ṣe àṣìṣe. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ká pinnu ṣáájú ẹni tá a máa kà á fún, ká má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, rúlà àti bírò ti tó. Ẹ béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ àwọn òbí yín lónìí, kẹ́ ẹ bá wọn fa ìlà sí i.