Kì í Ṣe Àtọ̀gbẹ Nìkan Ní í Mú Ẹsẹ̀ Kú

Ẹ̀yin dókítà wa ọ̀dọ́, bí aláìsàn bá ní ẹsẹ̀ òun ń kú tipiri, àtọ̀gbẹ lẹ kọ́kọ́ máa ń rò. Kò burú, òun ló wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò bá ga, tí ẹsẹ̀ ṣì ń kú lọ, ẹ má kàn kọ fítámì fún un kí ẹ ní kó máa lọ.

Ẹ wo dókítà Corino de Andrade ní Porto, ní Pọ́túgàl. Lọ́dún 1939 ló rí obìnrin kan tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀, láti Póvoa de Varzim, ìlú àwọn apẹja. Kò dúró lórí obìnrin náà nìkan. Ó tọpa àìsàn náà dé inú ìdílé kó tó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1952. Ohun tó ń fa àìsàn náà rèé: ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe púpọ̀ jù nínú purotéènì tó ń jẹ́ transthyretin. Bí jíìnì rẹ̀ bá yàtọ̀, purotéènì náà lè tú, kó dì pọ̀ di amyloid, kó sì máa jókòó sínú iṣan ìmọ̀lára, ọkàn àti ìfun. Irú rẹ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an a máa bá awọ tó bo ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn jà.

Irú ìyàtọ̀ jíìnì náà tó jẹ́ tiwa ni V122I, tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá. Nínú aláwọ̀ dúdú 100 ní Amẹ́ríkà, bíi 3 tàbí 4 ló gbé e. Ọkàn ló máa ń mú jù, àmọ́ ọwọ́ méjèèjì ti lè máa kú lọ́pọ̀ ọdún ṣáájú, ihò tí iṣan ń gbà ní ìbàdí sì lè ti fún. Dókítà kan tọ́jú ọwọ́, òmíràn tọ́jú ẹ̀yìn, ẹ̀yin wá ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ara kan náà mà ni o! Bí ògiri ọkàn bá nípọn tí ìlà ECG sì kéré, ẹ fura.

Ẹ bèèrè dáadáa lọ́wọ́ aláìsàn. Ṣé òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde? Ṣé inú ń kún lónìí, tó sì ń ṣí lọ́la? Ti nǹkan ọkùnrin ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọ bọ́ síta, kí ẹ wá wí pé, "Bàbá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló ní kí n bèèrè." Bí ẹ bá dé orí ohun tó pa òbí wọn, wọ́n lè fi pamọ́, ta ló fẹ́ kí àna gbọ́ pé àrùn ìdílé wà nílé òun? Ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé pé ìdajì ni ewu pé ọmọ kọ̀ọ̀kan á jogún jíìnì náà, àti pé ẹni tó jogún rẹ̀ pàápàá lè darúgbó láìmọ àìsàn náà lára.

Oògùn ti wà. Lọ́dún 2018 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí patisiran fún ti iṣan. Ó ń dí àrùn náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣan tó ti kú tán kì í sábà jí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè máa wá a.