Ohun tí a lẹ̀, a kò pò ó

Bí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà bá ṣí ìwé ìdánrawò rẹ̀, tí ó fi èédú ya ojú ènìyàn síbẹ̀, tí ó ya ìwé ìròyìn sí wẹ́wẹ́, tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú náà, tí ó da tàdáwà tí a ti bu omi là lé gbogbo rẹ̀ lórí, tí ó sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ họ àwọn ibì kan títí funfun bébà fi tún yọ, "mixed media" ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ yóò pe ohun tí ó ṣe. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sáré wá sẹ́nu ni "àpòpọ̀" tàbí "àdàpọ̀". Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ní "àmúlùmálà". Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣi iṣẹ́ náà sọ, pé àṣìsọ yìí ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára nídìí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, àti pé orúkọ tí ó bá a mu ti wà nínú ọ̀nà tí àwọn aláró wa fi ń sọ aṣọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí "pò" bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń pò ni ohun tí kò ní dá dúró mọ́ bí a bá ti pò ó tán. A ń fi omi po iyẹ̀pẹ̀ títí yóò fi di amọ̀. A ń fi omi po ẹ̀kọ mu, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ahọ́n ṣa omi kúrò lára ẹ̀kọ. "Dà pọ̀" kò jìnnà sí i: odò méjì tí ó bá dà pọ̀ ti di odò kan. Ti "là" tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Emu àbùlà ni emu tí ẹni tí ń tà á ti bu omi là, àbùkù sì ni fún un, nítorí ohun kan ti sọnù sínú òmíràn. "Àmúlùmálà" ní tirẹ̀ ti gba ẹ̀gàn mọ́ra ju gbogbo wọn lọ. Òun ni a fi ń bá ẹni tí ń ki Gẹ̀ẹ́sì bọ Yorùbá wí. Kò yẹ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bọ́ sórí iṣẹ́ tí ọmọ fara balẹ̀ ṣe. Nínú àwòrán tí a sọ lókè yìí, ìwé ìròyìn kò di èédú, èédú kò sì di tàdáwà. A ṣì lè ka lẹ́tà tí ó wà lára ìwé ìròyìn náà. Ẹwà rẹ̀ wà nínú pé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró bí ó ṣe jẹ́: lẹ́tà tí ẹ̀rọ tẹ̀ gún régé ń kojú èédú tí ọwọ́ fà wúruwùru, ibi tí ó jọ̀lọ̀ ń kojú ibi tí ó rí págunpàgun. Bí a bá pò wọ́n lóòótọ́, ẹrẹ̀ ni yóò kù lójú ìwé.

Ẹnìkan lè béèrè pé àdàlù ńkọ́? Ẹ̀wà àti àgbàdo ni, a dà wọ́n lù ni, a sì ń rí ẹ̀wà lọ́tọ̀, àgbàdo lọ́tọ̀ nínú àwo. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo sì gbà pé "àdàlù" sún mọ́ ohun tí à ń wá ju "àpòpọ̀" lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó se àdàlù kò bìkítà ibi tí hóró àgbàdo kan bọ́ sí. Ìkòkò kan ni, iná kan ni, adùn kan ni a sì ń wá. Ayàwòrán kì í da nǹkan lù bẹ́ẹ̀. Ó mọ igun tí ó fẹ́ kí bébà wà, ó mọ èyí tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, ó sì mọ èyí tí yóò gun orí èkejì. Ipò àti ètò ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí, orúkọ tí ó bá sì gbójú fo ìyẹn dá kò tíì sọ nǹkan.

Èdè wa kò fi ipò àti ètò ṣeré rárá. Ẹ wo "mọ́" àti "lé", àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ẹ sì wo "wọ inú". A lẹ bébà mọ́ bébà: ara méjì fara kanra, kò sí èyí tí ó wọ inú èkejì, ó ṣì ṣeé ṣí. A kun ọ̀dà lé èédú: ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ lè hàn, ó sì lè má hàn. Tàdáwà wọ inú bébà: kò ṣeé yọ mọ́, àfi bí a bá họ ara bébà náà kúrò. Ọ̀nà mẹ́ta tí èèlò fi ń pàdé ara wọn nìyí, "pò" kò sì sí nínú wọn. Nǹkan kan náà tilẹ̀ lè wọ inú ibì kan, kí ó sì kọ̀ láti wọ ibòmíràn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá fi àbẹ́là ya ìlà sára bébà, tí a wá da tàdáwà lé e, tàdáwà yóò wọ inú bébà níbi tí kò sí ìda, yóò sì yí dànù níbi tí ìda wà, ìlà funfun yóò sì yọ láàárín dúdú. Ọgbọ́n adìrẹ ẹlẹ́kọ gan-an nìyẹn. Àwọn aládìrẹ Ìbàdàn a fi ìyẹ́ adìyẹ mú ẹ̀kọ láfún, wọn a fi ya ọnà sára aṣọ. Àwọn ti Abẹ́òkúta a gé páànù lọ́nà, wọn a tẹ ẹ̀kọ gba inú rẹ̀. Aró wọ inú aṣọ, kò wọ ibi tí ẹ̀kọ wà, bí aṣọ bá sì gbẹ, wọn a ha ẹ̀kọ náà dànù.

Níbi tí àṣìsọ ti ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára nìyí. Ìwé ìdánrawò wà fún dídán nǹkan wò. Ohun tí a bá sì dán wò tí a kò lè tún ṣe, a kò tíì kọ́ ọ. Ẹni tí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé pé "mo po àbẹ́là pọ̀ mọ́ tàdáwà" kò fi nǹkan kan lélẹ̀ fún ara rẹ̀. Èwo ló ṣáájú? Bí tàdáwà bá ṣáájú, tí ó sì gbẹ kí àbẹ́là tó dé, kò sí ìlà funfun tí yóò yọ, dídán ìda nìkan ni yóò kù. Bákan náà ni ọ̀dà. Ọ̀dà olóròóró lè gun akírílíìkì tí ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n akírílíìkì tí a bá kùn lé ọ̀dà olóròóró kò ní di ìsàlẹ̀ mú dáadáa, bó pẹ́ bó yá yóò máa ṣí bí èèpo. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé "mo fi àbẹ́là ya ìlà, mo da tàdáwà lé e, mo jẹ́ kó gbẹ, mo họ ọ́" ti kọ gbogbo rẹ̀ tán. Yorùbá fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀-ìṣe tò lẹ́yìn ara wọn bí iṣẹ́ ṣe tò, nítorí náà bí ipele ṣe gun ipele lára bébà ni ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn nínú gbólóhùn. Kí a má sì fi àmì ohùn jáfara. "Ya àwòrán" àti "ya bébà" dọ́gba létí, ṣùgbọ́n bí a bá fi arọ́pò-orúkọ dípò, ọ̀tọ̀ ni "ó yà á", ìyẹn ni pé ó fi ọwọ́ ṣẹ̀dá rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni "ó ya á", ìyẹn ni pé ó fà á ya. Nínú iṣẹ́ tí a ti ń ṣe méjèèjì lójú ìwé kan náà, àmì kan lè yí gbogbo àkọsílẹ̀ padà.

Orúkọ wo ni ká wá pè é? Àwọn aláró ti fọ̀nà hàn wá. Adìrẹ tí a fi iko dì ni adìrẹ oníko, èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán ni alábẹ́rẹ́, èyí tí a fi ẹ̀kọ yà ni ẹlẹ́kọ. Ohun tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Tí a bá tẹ̀ lé wọn, èyí tí a fi èédú yà ni àwòrán eléédú, àwọn iṣẹ́ Jimoh Buraimoh ti Òṣogbo, ẹni tí ó gbajúmọ̀ fún lílẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àwòrán, jẹ́ àwòrán onílẹ̀kẹ̀, èyí tí ó bá sì ní èèlò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwòrán eléèlò púpọ̀. "Èèlò" ni mo mú, n kò mú "ohun èlò". Nílé ìdáná, ata, epo àti iyọ̀ ni èèlò ọbẹ̀, ìkòkò àti ìpọnbẹ̀ ni ohun èlò. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí: tàdáwà jẹ́ èèlò nítorí pé ó dúró sínú iṣẹ́, búrọ́ọ̀ṣì jẹ́ ohun èlò nítorí pé a ń fọ̀ ọ́ gbé kalẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá sọ pé ọbẹ̀ kì í jẹ́ kí èèlò dá dúró, kí ó rántí pé nínú "adìrẹ ẹlẹ́kọ" kò sí ohun tí a dì rárá, síbẹ̀ adìrẹ ni à ń pè é. Ọ̀rọ̀ tí a gbà láti ibì kan lè gba ibòmíràn, bí kò bá ti pa irọ́ mọ́ iṣẹ́ ibi tí a gbé e lọ.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ àjèjì ni, kí a fi í sílẹ̀ fún orúkọ àjèjì. Ẹ wo ohun tí àwọn àjèjì náà ṣe. Ní 1912, ní ilẹ̀ Faransé, ayàwòrán Picasso lẹ aṣọ olóròóró tí a ti tẹ àwòrán híhun àga sí lára mọ́ àwòrán kan, ó sì fi okùn yí i ká. Ọdún náà ni Braque, ayàwòrán bíi tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí lẹ bébà tí a tẹ̀ bíi pákó. Àwọn Faransé kò wá orúkọ lọ sí òkèèrè. "Collage" tí wọ́n pè é, inú "coller" ni ó ti wá, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan. Ní 1925 tí ayàwòrán Max Ernst gbé bébà lé pákó, tí ó fi ohun ìyàwòrán ra á títí ojú pákó fi hàn, "frottage" ni ó pè é, láti ara "frotter", ìyẹn ni pé kí a ra nǹkan. Wọn kò sọ pé wọ́n pò ó. Wọ́n ní wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n ní wọ́n ra á. Iṣẹ́ ọ̀hún pàápàá kò sì ṣàjèjì sí wa. Ère ìbejì jẹ́ igi tí a gbẹ́, tí a fi osùn pa, tí a fi wàjì kun irun rẹ̀, tí a wá sín ìlẹ̀kẹ̀ sí lọ́rùn àti ní bẹ̀bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin nìyẹn, "pò" kò sí níbẹ̀.

Ibì kan wà tí "pò" ti tọ́, kò sì yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Moyo Okediji, ọ̀kan lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà tí ń jẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989, fi iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ ṣe ọ̀dà. Ẹni tí ó bá lọ iyẹ̀pẹ̀ kúnná, tí ó fi gọ́ọ̀mù pò ó, pò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú abọ́ ni ó ti pò ó, ohun tí ó bù jáde níbẹ̀ sì ti di èèlò kan ṣoṣo. Inú abọ́ ni kí "pò" máa gbé. Lábẹ́ ojú ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ nìyí: "Àwòrán eléèlò mẹ́ta. Èédú ni mo fi yà á. Ìwé ìròyìn ni mo lẹ̀ mọ́ ọn. Tàdáwà tí mo bu omi là ni mo dà lé e. Abẹ́rẹ́ ni mo fi họ ọ́." Abẹ́rẹ́ kò sí nínú mẹ́ta náà: ohun èlò ni.