Ìjánu Inú Ẹ̀jẹ̀: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Láàbù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ láàbù, àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tuntun tí ẹ máa ń yà kí wa, ìbéèrè kan ni ẹ ń bi mí lemọ́lemọ́: "Bàbá, kí la lè lò tí ara wa á fi túbọ̀ lágbára láti bá àìsàn jà?" Mo mọ ibi tí ìbéèrè náà ti ń wá. Ṣàṣà ni ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó tí ẹnìkan ò ní dìde nínú rẹ̀, kó gbàdúrà fún èrò, kó wá gbé kápúsù àti àgbo inú ike jáde, ó ní ó ń fún ètò ààbò ara lágbára. Èmi ò ní dárúkọ oògùn kankan fún yín. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tó ń jẹ́ kọ́ńpílímẹ́ǹtì. Bí ẹ bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo rò pé ìbéèrè ọ̀hún á yí padà lẹ́nu yín.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe rí i. Ní 1895, Jules Bordet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí kò ju ẹni ọdún 25 lọ, ń ṣiṣẹ́ ní Institut Pasteur ní Paris. Ó mú omi ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ara rẹ̀ ti mọ kòkòrò onígbáméjì tẹ́lẹ̀, ìyẹn omi aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dì nínú túùbù. Ó dà á lé kòkòrò náà, kòkòrò kú. Ó wá gbé irú omi ẹ̀jẹ̀ yẹn kaná dé nǹkan bíi 55°C, ó tún dà á lé e, kòkòrò ò kú mọ́. Lẹ́yìn náà ló bu omi ẹ̀jẹ̀ tútù díẹ̀ sí i láti ara ẹran mìíràn tí kò bá kòkòrò yìí pàdé rí. Omi ẹ̀jẹ̀ ẹran kejì yìí kò lè dá kòkòrò náà pa. Síbẹ̀, bó ṣe kan èyí tí iná ti bà jẹ́, ikú kòkòrò tún bẹ̀rẹ̀.

Bordet rí i pé nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan mọ ọ̀tá, ooru ò sì pa á: áńtíbọ́dì nìyẹn. Èkejì kò mọ ẹnì kankan, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹran, ooru tètè ń bà á jẹ́, òun gan-an ló sì ń parí iṣẹ́. Paul Ehrlich ní Jámánì ló fún un lórúkọ tí à ń pè é lónìí. Bordet gba ẹ̀bùn Nobel ti 1919. Nígbà tí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ fi omi ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ omi gbígbóná ní 56°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọmọkùnrin yìí lẹ ń ṣe, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ sọ fún yín.

2. Ẹ má rò pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Púrótéènì tó lé ní ọgbọ̀n ló para pọ̀ di kọ́ńpílímẹ́ǹtì. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ń bá ẹ̀jẹ̀ kiri, àwọn kan lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n fún àwọn àgbà inú wọn ní orúkọ C1 títí dé C9, ṣùgbọ́n C4 máa ń ṣiṣẹ́ ṣáájú C2, C2 ṣáájú C3, nítorí pé bí wọ́n ṣe rí wọn ni wọ́n ṣe ń ka wọ́n. Ẹ kàn há a sórí bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a jà. C3 ló pọ̀ jù: nínú lítà omi ẹ̀jẹ̀ kan, ó máa ń tó gíráàmù kan tàbí kó lé díẹ̀.

Wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ láìṣe nǹkan kan, àfi ìgbà tí wọ́n bá gé wọn. Èyí tí wọ́n bá gé ni yóò wá gé èyí tó tẹ̀lé e, kì í sì í ṣe ẹyọ kan ló máa gé. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹyọ mélòó kan á ti di àìmọye láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

3. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà jí. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, áńtíbọ́dì á ti bà lé kòkòrò, C1 á wá dì mọ́ ẹsẹ̀ áńtíbọ́dì náà. Ní ọ̀nà kejì, púrótéènì kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe máa ń dá irú ṣúgà kan mọ̀ lára kòkòrò, òun ló sì ń jí àwọn yòókù. Èyí ò gba àlàyé púpọ̀.

Ọ̀nà kẹta ló yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu dòní. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pe C3. Fúnra rẹ̀ ló ń já díẹ̀díẹ̀ nínú omi ẹ̀jẹ̀, tọ̀sán-tòru, tí èérún rẹ̀ ń bà lé ohunkóhun tó bá wà nítòsí, ì báà jẹ́ kòkòrò, ì báà jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ara ẹni. Louis Pillemer ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀rọ̀ yìí síta ní 1954, pé kọ́ńpílímẹ́ǹtì lè ṣiṣẹ́ láìsí áńtíbọ́dì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta kò ó gidigidi. Ó kú ní 1957. Ẹ̀yìn ọdún púpọ̀ ni ìwádìí àwọn mìíràn tó wá dá a láre. 

4. Ẹ má jẹ́ kí àwòrán inú ìwé tàn yín jẹ. Iṣẹ́ mẹ́ta ni kọ́ńpílímẹ́ǹtì ń ṣe. Bí wọ́n bá gé C3 àti C5, èérún wọn kékeré, C3a àti C5a, ń pe ìrànlọ́wọ́: òpó ẹ̀jẹ̀ á fẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á rọ́ wá síbi tí ọ̀ràn wà. Wọ́n wà lára ohun tó ń mú kí eéwo wú, kó gbóná, kó sì máa ro ni. C3b, èyí tó kù lára C3, á lẹ̀ mọ́ ara kòkòrò ní tiẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun tó bá ti rí i níbẹ̀ á gbé kòkòrò náà mì. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn: C5b, C6, C7, C8 àti ọ̀pọ̀ C9 á para pọ̀ di òrùka tó dá ihò sára kòkòrò. Ihò náà fẹ̀ tó nǹkan bíi nanómítà mẹ́wàá. Omi á wọlé, kòkòrò á bẹ́.

Ihò dára láti wò, ṣùgbọ́n ní tèmi, lílẹ̀ mọ́ kòkòrò ni olórí iṣẹ́. Ẹ wo ẹ̀rí. Ẹni tí wọ́n bí láìní C3, láti kékeré ni oríṣiríṣi kòkòrò á ti máa dà á láàmú. Ní Japan, nǹkan bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ̀rún ni kò ní C9, ọ̀pọ̀ wọn sì ń dàgbà dàrúgbó láìmọ̀. Kòkòrò tí awọ ara rẹ̀ nípọn, irú èyí tó sábà ń fa òtútù àyà, ihò yẹn kì í tilẹ̀ ràn án. Àfi kí sẹ́ẹ̀lì funfun gbé e mì.

5. Ìjánu ni kí ẹ mọ̀ ju agbára lọ. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀.

Mo ní èérún C3 kò mọ ẹni tó ń bà lé. Ẹ sì ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà bí ẹnìkan bá kígbe "olè!" Ẹni tó gbọ́ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ọgọ́rùn-ún èèyàn á ti dé, táyà àti bẹntiróòlù á ti dé, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá ẹni tí wọ́n dì mú ló jí nǹkan. Bí kọ́ńpílímẹ́ǹtì ìbá ṣe máa ṣe sára wa lójoojúmọ́ nìyẹn, bí kò bá sí àwọn tó ń dá a dúró.

Àwọn tó ń dá a dúró náà pọ̀. Factor H ń bá ẹ̀jẹ̀ kiri. Ó mọ àmì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì tiwa, ibi tó bá ti rí C3b lórí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Factor I, á gé e sọnù. CD55 dúró lójú sẹ́ẹ̀lì gan-an, ó ń tú àwọn tó ń gé C3 ká. CD59 ń dí C9 lọ́wọ́ kó má lè dá ihò.

Àwọn èèyàn kan wà tí nǹkan yí padà nínú mùdùnmúdùn eegun wọn, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa wọn kò lè di CD55 àti CD59 mú mọ́. Kọ́ńpílímẹ́ǹtì ara wọn a máa bẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa náà, ìtọ̀ wọn á máa ṣókùnkùn, pàápàá láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa gbẹ lára wọn, ẹ̀jẹ̀ tó dì sì lè dí òpó. Ní 2007, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan, eculizumab, tó ń dá C5 dúró kí wọ́n má baà gé e. Ní 2010, ìwé ìròyìn Forbes kọ ọ́ pé òun ló wọ́n jù lágbàáyé, ó lé ní 400,000 dọ́là lọ́dún fún aláìsàn kan. Ẹ rò ó wò. Oògùn tó wọ́n jù láyé nígbà yẹn, ìjánu ló ń fà. Kò fi agbára kankan kún ti ara.

Ẹlòmíràn sì wà tí ìjánu C1 ni kò pé lára rẹ̀ láti ìdílé. Ètè, ojú, ọwọ́ á ṣàdédé wú, inú á máa lọ́ ọ, ọ̀fun náà sì lè wú débi tí kò ní lè mí. Oògùn ara yíyún kì í ràn án. Bí ẹ bá gbọ́ pé ojú ń wú bẹ́ẹ̀ láti orí bàbá dé ọmọ nínú ilé kan, ẹ má bá wọn wá ẹni tó ń ṣe wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

6. Ẹ mọ̀ pé kòkòrò náà gbọ́n. Kòkòrò tó ń fa yírùnyírùn, tó ń mú ọrùn gan, ní púrótéènì kan lára tó fi ń gbá Factor H mú. Ìjánu wa ló fi ń bo ara rẹ̀, kọ́ńpílímẹ́ǹtì á sì rò pé ọmọ ilé ni. Àwọn tí kò ní ọ̀kan nínú C5 sí C9 ló yẹ kó bẹ̀rù kòkòrò yìí jù, torí ewu tiwọn lé ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ti ẹlòmíràn, ó sì lè padà wá bá wọn lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, C6 ni wọ́n sábà ń rí pé kò sí.

Ẹ̀yin kò tíì dáyé ní 1996 nígbà tí yírùnyírùn jà ní Nàìjíríà, pàápàá lókè Ọya. Ó mú èèyàn tó lé ní 100,000, ó sì pa àwọn tó lé ní 11,000. Ní oṣù kẹrin 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ àjẹsára Men5CV, tó ń dáàbò bo ni lọ́wọ́ oríṣi márùn-ún kòkòrò náà: A, C, W, Y àti X. Abẹ́rẹ́ yìí kì í fi kún kọ́ńpílímẹ́ǹtì. Áńtíbọ́dì ló ń mú jáde, áńtíbọ́dì sì ń fi ibi tó yẹ kí kọ́ńpílímẹ́ǹtì bà lé hàn án. Fún oríṣi B, tí Men5CV kò kàn, àwọn onímọ̀ ti mú púrótéènì tí kòkòrò fi ń gbá Factor H mú yẹn gan-an, wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi.

7. Ẹ máa wo C3 lára ọmọdé pẹ̀lú. Bí ọmọdé bá wú lójú láàárọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí ṣókùnkùn, ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá ọ̀fun dun ọmọ náà tàbí egbò wà lára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́fà sẹ́yìn. Kíndìnrín ló sábà máa ń jẹ́. C3 rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ó sì yẹ kó padà bọ̀ sípò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí kò bá padà, dókítà gbọ́dọ̀ wá àrùn mìíràn.

8. Ẹ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá gbà. Ohun tí Bordet fi ooru pa ní Paris, ooru yàrá wa lè dín in kù lórí tábìlì. Àyẹ̀wò tí à ń pè ní CH50, sẹ́ẹ̀lì pupa àgùntàn tí áńtíbọ́dì ti wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á wo bí omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣe lè bẹ́ ẹ tó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì tán, ẹ tètè ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí ẹ ò bá ní ṣe é lọ́jọ́ náà, ẹ gbé e sínú fìríìsà tó tutù dé -70°C. Bí iná bá lọ mọ́jú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Èsì tó bá jáde láti inú túùbù tó ti gbóná á sọ pé aláìsàn kò ní kọ́ńpílímẹ́ǹtì, ẹ ó sì ti fi àìsàn tí kò ní dì í lẹ́rù.

9. Ní ti kápúsù inú ọkọ̀: ẹ̀dọ̀ yín ló ń ṣe kọ́ńpílímẹ́ǹtì. Oúnjẹ tí púrótéènì wà nínú rẹ̀ ló fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí C3 fi máa ń lọ sílẹ̀ lára ọmọ tí àìjẹunre-kánú ń bá jà. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹyin. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B, ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ yéé fi paragá àti àgbo tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ da ẹ̀dọ̀ láàmú. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ fún yín lórí ìyẹn.

10. Èyí tó kù, ẹ bá mi ṣe é. Bí ẹ bá rí ẹni tí yírùnyírùn ti mú lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tó mú òun àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó kàn gba oògùn kó máa lọ sílé. Ẹ lọ bá dókítà rẹ̀, kí ẹ ní kó kọ CH50 fún un.